Oje orin àtà pa làpálàpá nínú abọ́ mi. Ṣé kí n bù ú fún màmá tó ní egbò lẹ́sẹ̀?

ỌmọJáńkárà · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì. Mo ní kí n gbé e wá síwájú yín kí n tó ṣe ohun tí ọwọ́ mi ò ní lè tún mú padà.

Ìyá àgbà mi ń ta gbòǹgbò àti èèpo igi lọ́jà Jáńkárà. Ìdí àtẹ lékulẹ́ja ni mo dàgbà sí. Báyìí mo wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, mò ń kàwé fún oyè kejì. Iṣẹ́ mi ni láti wò ó bóyá èèpo gbòǹgbò orin àtà, igi ẹlẹ́gùn-ún tí a fi ń rin ẹnu, lè pa fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa làpálàpá. Zanthoxylum zanthoxyloides lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé; àwọn ìwé àtijọ́ ń pè é ní Fagara.

Mo lọ èèpo náà kúnná, mo rẹ ẹ́ sínú omi tí mo fi ásíìdì díẹ̀ sí, mo sẹ́ ẹ. Mo ro amóníà lé e, mo wá fi kúlórófọ́ọ̀mù fa álíkálọ́ìdì inú rẹ̀ jáde, ìyẹn àwọn èròjà kíkorò inú ewéko tó ń ṣiṣẹ́ lára bí oògùn. Nígbà tí kúlórófọ́ọ̀mù gbẹ tán, ohun tó kù lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò, ó pọ́n rúsúrúsú. Mo kán oògùn Dragendorff sí díẹ̀ nínú rẹ̀, àwọ̀ ọsàn yọ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni álíkálọ́ìdì sì ti ń fi ara rẹ̀ hàn.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí mo lò, Trichophyton, kì í kánjú hù. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí n tó rí nǹkan. Ní ọjọ́ Ẹtì mo gbé abọ́ tí mo gbìn ín sí jáde: ó ti hù bo gbogbo rẹ̀, ó funfun bí òwú, àfi àyíká ihò tí mo ro oje mi sí. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Mo figbe ta.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi han màmá mi nílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé ti gbọ́. Màmá kan wà lágboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà. Àbàwọ́n dúdú kan ti wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ó ti ju ọdún kan lọ. Kò dùn wọ́n, wọn ò kà á sí. Láti bí oṣù mẹ́ta ó ti ya, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì san. Ọmọ wọn obìnrin ti wo fídíò kan tí wọ́n ti ní oje ewéko ń jẹ jẹjẹrẹ awọ ara tán pátápátá. Ó ní bí tèmi bá lè pa làpálàpá, á pa èyí náà. Láàárọ̀ àná ni màmá fúnra wọn wá bá mi: "Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé. Bù díẹ̀ fún mi kí n máa fi pa á."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ará_ÈbúteMẹ́ta · 9:31 alẹ́

Bù ú fún wọn o. Orin àtà tí a ti ń jẹ lẹ́nu láti kékeré, kí ló fẹ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe? Màmá ti fi oṣù mẹ́ta jẹ ìyà. Tó bá jẹ́ òyìnbó ló rí i nínú abọ́ ni, wọn ì bá ti máa tà á fún wa ní owó gọbọi.

Apoògùn_Ṣómólú · 9:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ yín, ìrora màmá ló ń ba yín lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n orin tí a ń rin lẹ́nu yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìgò ọmọ yìí. Ẹni tó ń rin orin ń fa díẹ̀díẹ̀, ó ń tu itọ́. Òun ti kó ohun tó wà nínú odidi àpò èèpo sínú ìgò tí kò ga tó ìka. Kúlórófọ́ọ̀mù sì lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

ỌmọJáńkárà, mo ní ìbéèrè méjì. Kí lo fi yọ́ oje náà kó tó wọ ihò inú abọ́? Ṣé o ṣí ihò kan tó jẹ́ pé ohun ìyọ́ yẹn nìkan lo ro sí i? Mo ń béèrè nítorí pé nínú abọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ọṣẹ ń pa á, ògógóró gan-an ń pa á.

ỌmọJáńkárà · 10:05 alẹ́

Ẹ ṣeun sà. DMSO ni mo fi yọ́ ọ. Mo ṣí ihò DMSO lọ́tọ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì hù wọ inú rẹ̀ láìbìkítà. Mo tún ṣí ihò fún terbinafine, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tí àwọn dókítà ń lò. Ká sọ òótọ́, ibi tí terbinafine fọ̀ mọ́ fẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì.

Ẹlẹ́wéỌmọ_Múṣin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ mi, ìwọ tó o wà ní Akọka, Ọlọ́run á jẹ́ kí o ṣe é débi.

Ewé ni mò ń tà ní Ojúwòyè, iṣẹ́ ìyá mi ni mo jogún. Fún làpálàpá, asùnwọ̀n òyìnbó là ń fún àwọn ènìyàn. Tútù ni o, kì í ṣe gbígbẹ. A ó fi ọwọ́ ra á títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, a ó pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú. Wọn á kọ́kọ́ fi kànrìnkàn fọ ojú ibẹ̀ kí wọ́n tó fi pa á. Tó bá jẹ́ èèpo igi kíkorò ni, omi ògì la fi ń rẹ ẹ́, kì í ṣe omi lásán, tori omi lásán kì í fà á jáde dáadáa. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyá mi kọ́ mi nǹkan mìíràn. Egbò tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn fara gbá nǹkan, tó kọ̀ tí kò san, ewé kì í kan ibẹ̀. Èmi a máa dá owó wọn padà, mo sì ti dá a padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Sọ fún màmá yẹn pé ẹlẹ́wé ló ní kí wọ́n lọ sọ́sibítù.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, n ò tíì fojú kan oorun, ṣùgbọ́n n ò lè kọjá lórí èyí. Ìyá ẹlẹ́wé, Ọlọ́run á bù kún yín.

Ẹ jẹ́ ká tún ohun tí ọmọ yìí kọ kà. Àbàwọ́n dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, ó ju ọdún kan lọ, kò dùn, ó wá ya, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwa dúdú kì í sábà ní jẹjẹrẹ awọ bíi ti òyìnbó, nítorí náà ọkàn wa kì í lọ síbẹ̀. Àmọ́ tí irú èyí tí wọ́n ń pè ní melanoma bá mú wa, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló ń gbà wọlé, níbi tí oòrùn kì í dé. Ṣé ẹ rántí Bob Marley? Abẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1977 ni wọ́n mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tó di oṣù Kàrún 1981, ó kú, ẹni ọdún 36.

Ó lè má jẹ́ òun o. Ó lè jẹ́ egbò lásán tí bàtà ń ha. Ojú lásán ò lè sọ. Dókítà awọ ara ní láti gé díẹ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n fi awò amúǹkan-tóbi wò ó. LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka awọ ara, LASUTH ní Ìkẹjà náà ní in. Kí wọ́n má fi ohunkóhun pa á kí wọ́n tó débẹ̀. Ohun tó bá jó ojú egbò náà yóò ba ibi tí dókítà fẹ́ wò jẹ́.

Ará_ÈbúteMẹ́ta · 7:48 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí ti màmá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé kan fún mi: gbogbo ìgbà la ń gbọ́ pé oògùn jẹjẹrẹ ti inú ewé wá. Ṣé irọ́ ni?

Olùwádìí_Yábàá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Kì í ṣe irọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí rẹ̀ díẹ̀, torí ìbéèrè yẹn ni mo fi ayé mi ṣe.

Kí n kọ́kọ́ kí Ìyá ní Ojúwòyè. Ọ̀pọ̀ álíkálọ́ìdì kì í fẹ́ yọ́ sínú omi lásán, ṣùgbọ́n tí omi bá ti kan, wọn a yọ́. Omi ògì kan. Ohun tí ọmọ yìí fi ásíìdì ṣe ní Akọka, àwọn ìyá yín ti ń fi omi ògì ṣe é kí wọ́n tó dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962. Asùnwọ̀n òyìnbó, ní tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ álíkálọ́ìdì rárá. Ẹbí anthraquinone ló ń ṣiṣẹ́ nínú ewé yẹn, irú bíi emodin. Mo sọ ọ́ torí pé mo rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń ka gbogbo ewé tó bá pa kòkòrò sí álíkálọ́ìdì.

Ní ti jẹjẹrẹ. Ẹ mọ òdòdó aláwọ̀ osùn tútù àti funfun tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé káàkiri Èkó, tí ewé rẹ̀ ń dán? Catharanthus roseus ni. Ní Jàmáíkà wọ́n ń mu àgbo rẹ̀ fún àtọ̀gbẹ. Robert Noble àti Charles Beer ní Kánádà fún eku ní oje rẹ̀ láti wo ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ṣúgà ò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ funfun inú àwọn eku náà lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n ronú pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò jù kí ẹ̀jẹ̀ funfun pọ̀ lápọ̀jù lọ. Nígbà tó fi di 1958 wọ́n ti yọ vinblastine jáde. Èkejì rẹ̀, vincristine, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1963, ó sì ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ là títí dòní. Álíkálọ́ìdì ni méjèèjì.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní vincristine. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni. Tí ẹ̀kán rẹ̀ bá já sábẹ́ awọ, á jó ẹran ara ibẹ̀ di egbò. Oògùn tó ń wo jẹjẹrẹ sàn ni mò ń wí yẹn.

Orin àtà ńkọ́? Ní 1972 àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yọ álíkálọ́ìdì kan lára rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní fagaronine láti ara orúkọ Fagara. Ó bá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ jà lára eku. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, kò tíì di oògùn tí dókítà lè kọ síwèé fún ènìyàn. Chelerythrine wà nínú igi yẹn náà. Ẹbí kan náà ni wọ́n, benzophenanthridine.

Fídíò tí ọmọ màmá wò ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ìpara dúdú tí wọ́n ń pè ní black salve ni wọ́n ń polówó níbẹ̀. Ewéko kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Sanguinaria, tí oje rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe é pẹ̀lú zinc chloride. Álíkálọ́ìdì inú rẹ̀ ni sanguinarine. Ọmọ ìyá chelerythrine inú orin àtà ni, ẹbí kan náà! Ohun tó wà nínú ìgò Akọka àti ohun tó wà nínú ìpara yẹn kò jìnnà síra. Wọn kì í yan ẹni tí wọ́n ń pa: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, sẹ́ẹ̀lì ara tó dá, fọ́ńgọ́ọ̀sì. Awọ á jó, á di èèpo dúdú, á já bọ́, ènìyàn á ní òun ti san.

Frederic Mohs lo irú ìpara yẹn láàárín ọdún 1930 sí 1940 o, àmọ́ kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń gé ibi tí ìpara ti mú, ó ń wò ó lábẹ́ awò, tó bá rí jẹjẹrẹ létí rẹ̀ á tún padà gé e. Awò àti ọ̀bẹ ló ń wo wọ́n sàn. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ju ìpara náà nù, wọ́n sì di ọ̀bẹ àti awò mú títí dòní.

Àfín_Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Mo ti ń kà á láti àná, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Olùwádìí ti fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi.

Àfín ni mí. Oòrùn Èkó ti jẹ mí láti ìgbà tí mo ti ń gbé omi tútù kiri ní Òṣòdì. Egbò kékeré kan yọ sí etí mi òsì, kò ju wóró àgbàdo lọ. Ẹnìkan tà ìpara dúdú fún mi. Ó jó mi tí mo sunkún lóru mẹ́ta. Èèpo dúdú kan já bọ́, abẹ́ rẹ̀ sì mọ́, awọ tuntun rọra bò ó. Mo dúpẹ́, mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, kókó kan wú lábẹ́ awọ tuntun yẹn. Gbogbo ìgbà yẹn ló ti ń jẹun lọ nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn òkè ló tì. Wọ́n gé ìdajì etí náà. Mo wà láàyè, mo dúpẹ́. Ká ní wọ́n gé e nígbà tó tó wóró àgbàdo ni, etí mi ì bá wà lódindi.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 9:10 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́.

Apoògùn_Ṣómólú · 9:41 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀gá mi, ṣé kò sí álíkálọ́ìdì kankan tó ti gba ojú awọ wo jẹjẹrẹ sàn tí wọ́n sì dán an wò bó ṣe yẹ?

Olùwádìí_Yábàá · 10:17 alẹ́

Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni ti ẹbí ọ̀dú àti ìgbá. Álíkálọ́ìdì tó so mọ́ ṣúgà wà nínú wọn, solamargine àti solasonine. Wọ́n fi ṣe ìpara, wọ́n dán an wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára ènìyàn 94 tó ní basal cell carcinoma, jẹjẹrẹ awọ tó rọra ń rìn jù lọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ti ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ti lọ. Nínú àwọn tó gba ìpara tí kò ní nǹkan nínú, ti ìdá 25 náà lọ. Ẹ wo 25 yẹn dáadáa. Ká ní wọn ò fún àwọn kan ní ìpara òfìfo ni, à bá ti kà wọ́n mọ́ iṣẹ́ álíkálọ́ìdì. Ọ̀bẹ dókítà ń wo èyí tó ju 90 sàn nínú ọgọ́rùn-ún irú jẹjẹrẹ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí èyí lọ gún ẹ̀fọ́ ọ̀dú lé egbò o. Ti melanoma, ìpara yẹn ò tilẹ̀ sọ pé òun lè wò ó.

ỌmọJáńkárà, èyí kàn ọ́ tààrà. Abọ́ rẹ dára, ṣùgbọ́n àárín ọ̀nà lo wà. Wá ìwọ̀n tó kéré jù tó lè dá fọ́ńgọ́ọ̀sì dúró, má fi fífẹ̀ ibi tó mọ́ díwọ̀n agbára, torí ohun tí kì í tàn káàkiri nínú ágà, ohun dídì inú abọ́ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń hù lórí rẹ̀, lè lágbára kó má fẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o fi ìwọ̀n yẹn kan náà sára sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn tó dá, HaCaT. Bí wọ́n bá jọ kú, kò tíì sí oògùn. Tún rántí pé àwọn álíkálọ́ìdì tó ń gbé iná mànàmáná kiri lára, irú bíi berberine, kì í fẹ́ bá kúlórófọ́ọ̀mù lọ. Inú omi tó o dà nù ni wọ́n ṣẹ́kù sí. Ṣé o dà á nù?

ỌmọJáńkárà · 10:30 alẹ́

Mo dà á nù sà. Gbogbo rẹ̀.

Olùwádìí_Yábàá · 10:33 alẹ́

Kò burú. Lọ gba èèpo mìíràn lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Apoògùn_Ṣómólú · Ọjọ́rú, 8:05 àárọ̀

Kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń kà á nítorí làpálàpá. Àwọn ìpara mẹ́ta-nínú-ẹyọ-kan tí wọ́n ń tà lójú pópó, stẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú wọn. Ó ń dá ìyún dúró, ojú rẹ̀ á rọ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì máa tàn lọ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó wá bá mi ní Ṣómólú tí làpálàpá ti bo ìdí àti itan wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ha ojú ibẹ̀ fún yín, kí wọ́n wò ó lábẹ́ awò. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tí inú ń bí pé oògùn òyìnbó jìnnà sí ohun tí Ọlọ́run dá, griseofulvin tí a ń lò fún làpálàpá orí ọmọdé, ara èbu ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1939. Fọ́ńgọ́ọ̀sì là ń fi pa fọ́ńgọ́ọ̀sì.

ỌmọJáńkárà · Ọjọ́bọ̀, 9:50 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo bá màmá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní ṣé mo ń fi oògùn pamọ́ fún wọn ni. Mo gbé ìgò náà wá síwájú wọn, mo ní: "Màmá, ohun tó wà nínú èyí, gbogbo ohun tó bá kàn ló ń pa. N ò tíì mọ̀ bóyá ó lè dá yín mọ̀ yàtọ̀ sí àrùn yín." Wọ́n wo ìgò, wọ́n wò mí. Mo wá ka ọ̀rọ̀ Ìyá ẹlẹ́wé fún wọn látorí fóònù, ibi tí wọ́n ti ní àwọn a máa dá owó padà. Ìyẹn ló mú wọn dìde.

A lọ lónìí. Wọ́n fọ ibẹ̀, wọ́n gún abẹ́rẹ́ amárakú, wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré gé díẹ̀ létí àbàwọ́n náà, ó tó wóró ẹ̀wà. Wọ́n jù ú sínú ìgò oògùn, wọ́n lẹ orúkọ màmá mọ́ ọn. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ wọn obìnrin ò sọ nǹkan kan nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìdúmọ̀tà, ó kàn di ọwọ́ màmá rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 10:02 alẹ́

Ọlọ́run ṣeun. Ṣé wọ́n fọwọ́ tẹ abẹ́ itan wọn? Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ sá lọ láti ẹsẹ̀.

ỌmọJáńkárà · 10:06 alẹ́

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lápá méjèèjì. Wọ́n ní àwọn ò rí kókó kankan.

Ẹlẹ́wéỌmọ_Múṣin · Ọjọ́ Ẹtì, 5:32 àárọ̀

Mo ti gbà á ládùúrà. Ọmọ mi, tó o bá ráyè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, yà sọ́dọ̀ mi ní Ojúwòyè. Mo ti ya èèpo orin àtà tútù sọ́tọ̀ fún ọ. Má dà omi rẹ̀ nù lọ́tẹ̀ yìí.